Ẹ ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára àhesọ nínú ọ̀ràn májèlé ààfin Louis Kẹrìnlá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka ojú ewé méjì tí ẹ fi sọ ìtàn Madame de Montespan, àlè Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, àti májèlé tí wọ́n ní ó gba ààfin náà kan. Ìtàn yín dùn ún kà. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó da ohun tí ilé ẹjọ́ rí ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì lè mọ́ bá wọn. Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ láìṣiyèméjì pé obìnrin yìí fẹ́ fi májèlé pa ọba, pé ó pa ọmọbìnrin tó gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, pé Versailles ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, àti pé 400 ènìyàn ni wọ́n dáná sun. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kí ẹ tún wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwọn tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Lásìkò ọ̀ràn yìí, Saint-Germain-en-Laye, níwọ̀ oòrùn Paris, ni ọba ń gbé jù. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1682 ló kó ìjókòó rẹ̀ lọ sí Versailles, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ májèlé ti kógbá sílé. Ọjà májèlé fúnra rẹ̀ kò sí nínú ààfin rárá. Paris ló wà, ní àdúgbò Villeneuve, ní òpópó Beauregard, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame de Bonne-Nouvelle. Ní ti iye, 442 ni àwọn tí ẹ̀sùn kàn. Èyí ni mo rò pé ẹ sọ di 400 tí iná jó. Àwọn tí wọ́n pa jẹ́ 36, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n dáná sun. Wọ́n yẹgi fún àwọn kan, wọ́n bẹ́ àwọn mìíràn lórí.

Ọ̀ràn tí ẹ̀rí rẹ̀ le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ fún ní ìlà mẹ́ta péré. Ìyẹn ni ti Marquise de Brinvilliers, obìnrin ọlọ́lá tó fi májèlé pa bàbá àti àwọn arákùnrin rẹ̀. Antoine Dreux d'Aubray, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ àgbà Paris. Obìnrin náà ní ọkọ, ṣùgbọ́n ó ń yan ọ̀gá ṣọ́jà kan tí wọ́n ń pè ní Sainte-Croix lálè ní gbangba. Ní 1663 bàbá gba ìwé àṣẹ ọba, wọ́n sì gbé ọkùnrin náà jù sí ẹ̀wọ̀n Bastille. Kò lò tó oṣù méjì níbẹ̀ tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni Exili, ọmọ Ítálì, ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ májèlé. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ tí obìnrin náà fi pe májèlé rẹ̀ nínú ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ti Christophe Glaser, apòògùn ọba, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kẹ́mísìrì ní ọgbà ọba ní Paris. Kò sẹ́ni tó ní láti lọ sí ẹ̀wọ̀n kó tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kọ́ kẹ́mísìrì ní gbangba.

Bàbá náà kú ní oṣù Kẹsàn-án 1666. Ọmọ rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé ìgbà bíi 28 tàbí 30 ni wọ́n fún un ní májèlé. Òun kan náà ló jókòó tì í lórí ibùsùn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ogún tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kò tó o, nítorí àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì ló kó èyí tó pọ̀ jù. Sainte-Croix wá wá iṣẹ́ fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kan, La Chaussée, ní ilé tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà jọ ń gbé. Nígbà àkọ́kọ́ tó dán an wò, ó gbé ọtí wáìnì tí ó fi omi là fún ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin náà fi ẹnu kàn án, ó sì kígbe pé kí ló dé tí ọtí yìí ta bíi fítríọ́ọ̀lì, irú ásíìdì kan. La Chaussée kò mikàn. Ó gba ife náà, ó tọrọ àforíjì, ó ní ìránṣẹ́ kan ló fi ife yẹn lo oògùn láàárọ̀ tí òun kò sì fọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì da ìyókù nù. Wọ́n gbà á gbọ́. Ní àkókò Àjíǹde 1670, wọ́n jẹ ìpanu kan tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé ní oko wọn, àìsàn kọlu àwọn tó jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n kú ní oṣù Kẹfà, àbúrò tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn dókítà la òkú wọn, wọ́n rí i pé inú wọn ti dúdú, wọ́n sì fura. Ìfura náà kò dé ibi kankan. La Chaussée ti tọ́jú àbúrò náà débi pé olóògbé fi owó sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìpíngún.

Ohun tó tú wọn fó kì í ṣe ọgbọ́n ọlọ́pàá. Gbèsè ni. Sainte-Croix kú ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1672. Ẹ kọ pé gíláàsì ìbòjú rẹ̀ ló fọ́ níbi tó ti ń se májèlé. Ìtàn àròsọ nìyẹn, àìsàn tó ti ń bá a jà tẹ́lẹ̀ ló pa á lórí ibùsùn. Nítorí pé ó jẹ gbèsè káàkiri, àwọn aláṣẹ fi èdìdì dí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí wọ́n lè ka ẹrù rẹ̀ fún àwọn olówó. Nínú ẹrù náà ni wọ́n ti rí àpótí kékeré kan pẹ̀lú ìwé tó ní kí wọ́n gbé e fún Marquise de Brinvilliers láìṣí i. Wọ́n ṣí i. Lẹ́tà rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé gbèsè wà níbẹ̀, àti àwọn ìdì ẹ̀tù: oògùn mákúrì olóró, áńtímónì, fítríọ́ọ̀lì, ópíọ́ọ̀mù, pẹ̀lú ìgò omi tó mọ́ lóló tí wọn kò lè dá orúkọ rẹ̀. La Chaussée tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láti sọ pé òkú jẹ òun lówó. Nígbà tó ń júwe ibi tí owó náà wà nínú yàrá iṣẹ́ Sainte-Croix, àwọn aláṣẹ bi ara wọn pé báwo ni ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe mọ yàrá yìí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọ́ ọ léegun lórí kẹ̀kẹ́ ní oṣù Kẹta 1673.

Obìnrin náà sá lọ sí London, ó sì tibẹ̀ kọjá sí ìhà Netherlands. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Desgrez, ló mú un ní oṣù Kẹta 1676 ní ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní Liège. Nínú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti rí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì dárúkọ bàbá àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn adájọ́ jiyàn gidigidi bóyá ó tọ́ kí wọ́n lo ohun tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún àlùfáà tó ń gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní gbàgede Place de Grève ní Paris ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1676, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó wà nínú ẹjọ́ yìí: ìránṣẹ́ tó jẹ́wọ́, àpótí, lẹ́tà, ìwé ọwọ́ ara ẹni, àti ogún tó jẹ́ ìdí iṣẹ́. Ìwọ̀n tó yẹ kí a fi wọn ẹjọ́ Montespan nìyẹn.

Ikú Brinvilliers ló jẹ́ kí ẹ̀rù ba gbogbo ọlọ́lá Paris. Gabriel Nicolas de La Reynie ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìlú náà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn, láti 1667. Ní ìparí 1678, opó kan tó ń wo àtẹ́lẹwọ́, Marie Bosse, mutí yó níbi oúnjẹ alẹ́, ó ń fọ́nnu pé ó ku májèlé mẹ́ta péré kí òun fẹ̀yìn tì pẹ̀lú owó tabua. Lọ́yà kan tó wà nídìí tábìlì kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Desgrez, ó rán ìyàwó ọlọ́pàá kan lọ bá Bosse pé ọkọ òun ń na òun. Kò pẹ́ tí Bosse fi ta májèlé fún un. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1679 wọ́n kó òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bosse dárúkọ Catherine Monvoisin, tí gbogbo Paris ń pè ní La Voisin, wọ́n sì mú òun náà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta bó ṣe ń jáde láti Máàsì.

Ẹ kọ nípa La Voisin bí ẹni pé májèlé nìkan ló ń tà. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an ló ṣàlàyé ìyókù ìtàn yìí. Obìnrin tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́. Kó tó dìde, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń dùn ún: ọkọ tó ń nà án, bàbá àgbà tí kò tètè kú, ọkùnrin tó ti gbàgbé rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ ni àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án sí ẹni mímọ́ kan. Bí ìyẹn kò bá jẹ́, a kan ẹ̀tù ìfẹ́ tí wọ́n ń bù sínú oúnjẹ ọkùnrin; egungun ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀ irin wà níbẹ̀, kòkòrò cantharides tí wọ́n gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kòkòrò yìí kò mú ìfẹ́ wá. Ńṣe ló ń bó àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín láti inú. Bí ẹ̀tù kò bá ṣiṣẹ́, àlùfáà tó ti bàjẹ́ á fi í sábẹ́ ife Máàsì kó lè ní agbára sí i. Owó ń gòkè ní gbogbo ìpele. Ẹ̀yìn èyí ni májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic, fún ìwọ̀nba àwọn tó bá dúró tì í débẹ̀. Àwọn ará Paris ní orúkọ àwàdà fún un: ẹ̀tù ajogún. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà La Voisin kò kọjá ẹ̀tù ìfẹ́, kókó ọ̀rọ̀ mi lórí Montespan sì wà níbẹ̀.

Kí ló jẹ́ kí arsenic wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó funfun, kò lóòórùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní adùn kankan. Kí òfin tó dé, ẹnikẹ́ni lè rà á lọ́wọ́ apòògùn kó ní eku ló ń dá òun láàmú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa bì, á máa yàgbẹ́ bí omi, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ọ̀nà ọ̀fun á máa jó o. Kò sí dókítà ìgbà náà tó lè fi ojú lásán yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí inú rírun tí oúnjẹ bíbàjẹ́ fà, àwọn àìsàn wọ̀nyí sì ń pa ènìyàn ní Paris ní gbogbo ìgbà ẹ̀rùn. Ọ̀nà méjì ni èyí gbà ba ẹjọ́ jẹ́. Apànìyàn ń lọ láìjìyà, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì ń dáhùn fún ikú tí Ọlọ́run pa. Àyẹ̀wò tí wọ́n ní ni kí wọ́n fún ajá tàbí ẹyẹlé ní ẹ̀tù tí wọ́n bá rí. Bí ajá bá kú, wọ́n ti mọ̀ pé májèlé ni ẹ̀tù náà. Bóyá olóògbé jẹ nínú rẹ̀, ajá kò lè sọ. Ọdún 1836 ni James Marsh, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó rí ọ̀nà tí a fi ń fa arsenic jáde láti inú ẹran ara òkú kó lè hàn bí àbàwọ́n dídán lára gíláàsì. Ní 1840 ni ilé ẹjọ́ kan ní Tulle gbára lé e nínú ẹjọ́ Marie Lafarge, obìnrin tí wọ́n ní ó fi arsenic pa ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìdájọ́ nípa òkú ní ìgbà Louis Kẹrìnlá, ìméfò lásán ni.

Nípa ẹ̀wù olóró tí ẹ mẹ́nu bà, Madame de Poulaillon ni wọ́n fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn, kò sì kan ààfin. Ó fẹ́ pa ọkọ rẹ̀ arúgbó, wọ́n sì ní wọ́n fi arsenic fọ ìsàlẹ̀ ẹ̀wù ọkùnrin náà. Ohun tí ìyẹn ń ṣe ni kí awọ ara máa bó, kí egbò máa yọ ní abẹ́, kí aládùúgbò lè sọ pé ìṣekúṣe ló kó àrùn ràn án. Awọ ara kò gba arsenic wọlé bí ikùn ṣe ń gbà á, ọkọ rẹ̀ kò sì kú. Ìdí kan náà ni n kò fi lè gba ìtàn ìbọ̀wọ́ olóró tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi pa Fontanges, àlè ọba tó gba ipò mọ́ Montespan lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ tó kún fún arsenic á bó ọwọ́. A ò ní gbọ́ pé ó pa ènìyàn ní ìdákẹ́jẹ́.

Oúnjẹ ọba náà ní òfin tirẹ̀. Kó tó jókòó, òṣìṣẹ́ kan á mú búrẹ́dì díẹ̀, á fi nu aṣọ ìnuwọ́, ṣíbí, fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ, àní ìtayín ọba, á sì jẹ búrẹ́dì náà. Wọ́n á tún fi búrẹ́dì tọ́ àwọn àwo ẹran wò nílé ìdáná, àwọn tó ń gbé wọn á jẹ ẹ́, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó tẹ̀ lé oúnjẹ wọlé. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, wọ́n á kígbe pé kí wọ́n gbé ohun mímu ọba wá, agbọ́tí á sì da díẹ̀ sínú ife kékeré, á mu ún lójú gbogbo ènìyàn. Ó lẹ́wà lójú. Ààbò rẹ̀ lòdì sí arsenic kò tó nǹkan, nítorí inú kì í bẹ̀rẹ̀ sí í run ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Kí agbọ́tí tó mọ̀ pé nǹkan ṣe òun, ọba ti jẹun tán. Ohun tó dáàbò bo Louis jù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó yí i ká. Ẹ wo ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ní La Voisin fi ẹ̀tù olóró pa kó lè dé ọwọ́ ọba. Ó lọ sí Saint-Germain ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 1679, wọ́n ní kó gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ìwé àwọn yòókù, ó sì gbé e padà sílé. Ọmọ rẹ̀, Marguerite, ló sọ èyí lẹ́yìn tí ìyá ti kú. Ìwé náà kò délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò.

Mo wá dé orí Montespan. Láti 1667 ló ti jẹ́ àyànfẹ́ ọba, ó bí ọmọ méje fún un. Ilé ẹjọ́ pàtàkì tí ọba gbé kalẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1679, tó ń jókòó ní Arsenal ní Paris, kò gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ rí. Wọ́n sun La Voisin ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 1680. Ó jìyà, kò dárúkọ Montespan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ẹ̀wọ̀n Vincennes, lẹ́yìn rẹ̀ Lesage tó pe ara rẹ̀ ní onídán, àti Guibourg, àlùfáà arúgbó. Wọ́n ní Montespan ra ẹ̀tù ìfẹ́ fún ọdún púpọ̀, ó jẹ́ kí Guibourg ṣe Máàsì èṣù, ìyẹn ìsìn Àgùdà tí wọ́n yí padà fún èṣù, lórí ara rẹ̀, àti níkẹyìn pé ó fẹ́ pa ọba àti orogún rẹ̀. Obìnrin kan, La Filastre, fi ẹnu kan náà kún un nígbà tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́. Irú ìyà yìí ní ìwọ̀n nínú òfin: wọ́n á fi pákó há ẹsẹ̀ ẹni náà, wọ́n á wá máa gbá igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó sáàárín rẹ̀, 4 fún ìyà kékeré, 8 fún ti ńlá. Nígbà tí wọ́n tú Filastre kúrò nínú ìyà náà, tó wà lọ́dọ̀ àlùfáà kó tó kú, ó ní irọ́ ni òun pa mọ́ Montespan. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1680 ọba pàṣẹ kí ilé ẹjọ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tó tún ṣí ní oṣù Karùn-ún 1681, wọ́n ti yọ gbogbo ìwé tó kan Montespan kúrò níwájú àwọn adájọ́.

Ẹ ní ìdádúró yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi. Ẹ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mínísítà ogun, Louvois, lọ bá Lesage nínú ẹ̀wọ̀n, ó ṣèlérí pé kò ní kú bó bá sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Láti ìgbà yẹn ni Lesage kò tíì yé mọ nǹkan tuntun. Colbert, mínísítà ìṣúná, ni ọ̀tá Louvois, ọmọbìnrin Colbert sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ arákùnrin Montespan ní 1679. Maréchal de Luxembourg, ọ̀gágun ọba tí òun àti Louvois ti jà, lo oṣù mélòó kan ní Bastille kí wọ́n tó dá a láre. Comtesse de Soissons, tí ọba fẹ́ràn nígbà kan, sá kúrò ní Faransé ní oṣù Kìíní 1680. Àbúrò rẹ̀, Duchesse de Bouillon, kò sá ní tirẹ̀. Ó fi àwọn adájọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ọba lé e lọ sí Nérac. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé ẹlẹ́wọ̀n kan dárúkọ ọlọ́lá kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé ta ló ń bi ẹlẹ́wọ̀n léèrè.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn mọ ìṣirò náà. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ààfin, ilé ẹjọ́ á dájọ́ rẹ̀, iná á jó o. Ẹni tó bá dárúkọ ìyá àwọn ọmọ ọba, a ò lè gbé e dé iwájú àwọn adájọ́. Ó di dandan kó wà láàyè. Guibourg, tó ní òun pa ọmọ ọwọ́ níbi Máàsì èṣù, kú sínú ẹ̀wọ̀n ní Besançon, iná kò jó o.

N kò wá sọ pé Montespan mọ́ bí omi o. Mademoiselle des Œillets, obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ní òun kò mọ àwọn ènìyàn yìí rí. Ní oṣù Kọkànlá 1680 wọ́n gbé e lọ sí Vincennes, ó fi ìdánilójú sọ pé kò sí ẹni tó máa dá òun mọ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì dá a mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan láti ilé Montespan ń lọ sí òpópó Beauregard, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Tèmi ni pé ó ra ẹ̀tù ìfẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ọba ti jẹ nínú rẹ̀. Àmọ́ kó pa ọba? Owó rẹ̀, ilé rẹ̀, ipò àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀mí ọkùnrin kan ṣoṣo. Ọba kú lónìí, ó di ẹni ìgboro lọ́la. Àti pé ọba tó ka gbogbo ìwé yẹn jẹ́ kó wà ní ààfin títí di 1691, ó sì ń lọ kí i níwájú gbogbo ènìyàn.

Orogún tí ẹ ní ó pa ni Marie-Angélique de Fontanges, tó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1681 ní ẹni ọdún 19. Ẹ̀jẹ̀ kò dá lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti bímọ ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú. Ọba ìbá fẹ́ kí wọ́n má la òkú rẹ̀. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n là á. Dókítà mẹ́fà ló wò ó. Omi kún àyà rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún ti jẹrà. Àìsàn àyà nìyẹn, kì í ṣe ìṣesí arsenic. Bẹ́ẹ̀ náà ni Henriette ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aya àbúrò ọba, tí ẹ kà mọ́ ọn: ó mu omi chicory, irú ewé oògùn kan, ní Saint-Cloud ní oṣù Kẹfà 1670, inú bẹ̀rẹ̀ sí í gún un bí ọ̀bẹ, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn mìíràn mu nínú omi yẹn kan náà, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, wọ́n rí inú tó ti wú tó sì ti jẹrà.

Ẹ tún kọ pé gbogbo ìwé ẹjọ́ náà ló jóná. Louis sun àwọn ìwé tó kan Montespan ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1709, lẹ́yìn ikú La Reynie. Ó gbàgbé pé La Reynie ti kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ìwé ṣì wà ní Bastille. Inú wọn ni a ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ nípa ẹjọ́ Montespan. Ibẹ̀ náà ni a ti rí bí wọ́n ṣe ṣe àwọn tó mọ̀ jù láti jáde níwájú adájọ́. Ìwé àṣẹ ọba ni wọ́n fi pín wọn sí àwọn odi agbára, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n mọ́ ògiri, Louvois sì kọ̀wé sí Besançon pé kí wọ́n nà wọ́n dáadáa bí ariwo wọn bá jáde. Obìnrin tó kú kẹ́yìn nínú wọn kú ní Villefranche ní 1724, lẹ́yìn ohun tó lé ní ogójì ọdún, láìjẹ́ pé adájọ́ kankan dá a lẹ́bi.

Ohun tí ẹ fò kọjá pátápátá ni òfin oṣù Keje 1682. Òun ni apòògùn àti oníkẹ́míkà òde òní máa dá mọ̀. Ó ní kí àwọn tó ń ta arsenic àti mákúrì olóró tì í mọ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Dókítà, apòògùn, alágbẹ̀dẹ wúrà, aláró, àwọn tó ń kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn bá nílò rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè tà á fún. Olùrà á kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ń gbé àti iye tó rà sínú ìwé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹni tó ń tà á ló máa kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́jú ọ̀pọ̀lọ́ tàbí ejò sílé láti fi po nǹkan. Òfin kan náà pe idán ní ohun tí àwọn ènìyàn ń fi tan ara wọn jẹ. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ilé ẹjọ́ Faransé ti ń jáwọ́ nínú ẹjọ́ àjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàtúnṣe ibi tó ṣẹlẹ̀ àti iye ènìyàn nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ẹ tún wo àwòrán tó wà lókè ìròyìn yẹn, èyí tí Sátánì abìyẹ́ ti di àwòrán obìnrin kan mú lọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ Montespan sábẹ́ rẹ̀. La Voisin ni.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, akọ́ni-nítàn kan ní Ìbàdàn.